Igbá Tí Morádéyọ̀ Gbé Kọ́ Nítorí Eyín

Ọmọ Kuta ni ìyá ìyá mi, Morádéyọ̀, ṣùgbọ́n Ìwó ni wọ́n gbé e ní ìyàwó lọ, Ìwó náà ni wọ́n sì ti lé e. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ àti lẹ́nu ìyá mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Kì í sunkún bó bá ń sọ ọ́. Bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà ló ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

Ateeguntò, ẹni tó ń to egungun tó bá ṣẹ́, ni bàbá rẹ̀. Bí igi bá wó lu ènìyàn lóko, bí ọmọdé bá já láti orí igi àgbálùmọ̀, ilé wọn ni wọ́n ń gbé e wá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Adùnọlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní ìgbà kan tí bàbá wọn lọ sí ìrìn àjò, eyín kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ náà. Iyọ̀ ti tán nílé. Kò sí kànáfùrù, kò sí òwú, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Aládùúgbò kan ló wá fi eérú gbígbóná dí ihò eyín náà. Nígbà tí bàbá wọn fi máa dé ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adùnọlá ti wú dé ọrùn, ó sì kú kí oòrùn tó wọ̀.

Bàbá wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún Morádéyọ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, pé, "Eyín kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Ilé tí kò bá fi nǹkan pamọ́ dè é, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé."

Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bá Ìwó kọjá lọ sí Òṣogbo ni nígbà tí Rájí ahunṣọ wá fẹ́ ẹ. Rájí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí òfì ló ń gbé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàní, ni olórí agbo ilé wọn. Ìyá wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Àlàní, wà láàyè. Àbúrò wọn tó kéré jù, Dúró, kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, wọn kì í fi ìrun ṣeré.

Nínú ẹrù tí Morádéyọ̀ gbé wọlé ọkọ, igbá ọlọ́mọrí kan wà. Ó di iyọ̀ sínú aṣọ funfun, ó fi kànáfùrù tí ó rà lọ́wọ́ àwọn Gàmbàrí sí i. Èèpo igi àtá gbígbẹ wà níbẹ̀, èyí tó máa ń mú ẹnu kú tìì bí a bá jẹ ẹ́. Òwú wà níbẹ̀ tí ó ti fọ̀, tó sì ti sá sí oòrùn, àti fọ́nrán òwú líle tí ó fi ìda kùn. Ìkòkò kékeré kan wà tí kò fi se nǹkan mìíràn ju omi lọ. Bí oṣù bá ti lé, yóò gbé igbá náà wálẹ̀, yóò da ohun tó ti gbó nù, yóò fi tuntun rọ́pò.

Ìyá Àlàní rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó dé.

"Ìyàwó, kí ló wà nínú èyí?"

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀. "Ohun ìtọ́jú eyín ni, Ìyá."

"Eyín ta ní ń dùn ún nílé yìí?"

"Kò tíì dun ẹnikẹ́ni, Ìyá. Kó má baà ká wa mọ́ ni."

Ìyá Àlàní wo igbá náà títí. "Nílé tiwa, a kì í tẹ́ ẹní de àìsàn. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní dè é, ó ti ní kó wá jókòó nìyẹn."

Nígbà tí Rájí gbọ́, ó ní, "Gbé e kọ́ sí àjà yàrá wa, kí ojú Ìyá má baà máa tó o." Ibẹ̀ ló sì gbé e kọ́ sí. Ó ti bí ọmọ kan, Mùrí, kí ẹnikẹ́ni tó tún dárúkọ igbá náà.

Ní àárọ̀ ọdún Iléyá kan, Dúró lọ tú àgbò lórí ìso. Àgbò náà kàn án lẹ́nu. Kí àwọn ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo àyà agbádá ọdún, eyín iwájú kan sì ti já bọ́ sínú iyanrìn àti ìgbẹ́ àgbò. Àwọn obìnrin ń pariwo. Ẹnìkan ti rí eyín náà, ó fẹ́ jù ú sórí òrùlé bí a ti ń ju ti ọmọdé.

"Ẹ má jù ú," ni Morádéyọ̀ wí. "Ẹ gbé e fún mi."

Orí eyín ló fi ọwọ́ mú, kò jẹ́ kí ọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Omi tó ti sè tó sì ti tutù wà nínú ìkòkò kékeré yẹn; ó dà á sí i lórí díẹ̀ títí iyanrìn fi ṣàn lọ, kò fi nǹkan ha á. Ó kúnlẹ̀ níwájú Dúró.

"Ọkọ mi, ẹ la ẹnu."

Bí ìyàwó ilé kò ti gbọdọ̀ pe ọmọkùnrin tó bá nílé lórúkọ, "ọkọ mi" ló máa ń pe Dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dàgbà jù ú lọ. Ó ti eyín náà padà sí ibi tó ti jáde. Dúró kígbe, ó tún jókòó jẹ́ẹ́. Morádéyọ̀ fi fọ́nrán òwú onída so eyín náà mọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká òwú funfun sí i lẹ́nu, ó ní kí ó pa ẹnu dé mọ́ ọn.

"Ẹ má fi bu nǹkan kan jẹ. Ẹ̀kọ mímu ni ẹ ó máa mu títí yóò fi dúró."

Báyìí ni wọ́n ṣe pín ẹran ọdún tán, tí Dúró jókòó sí ẹ̀bá ògiri tó ń mu ẹ̀kọ, tó ń wo àwo àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí oṣù yóò fi lé, eyín náà ti dúró gbọn-in. Ó fi ń fọ́ egungun.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ kò ti dá ní ẹnu ọ̀nà Morádéyọ̀. Ẹni tí akokoro bá ń jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ọmọ tó bá fi ẹnu gbá odó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá tọrọ kànáfùrù láti fi sínú aṣọ kí ó lè máa ta sánsán. Ìyá Àlàní náà ránṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé kí ó fún òun ní "èyí tó ń ta lẹ́nu yẹn." Ó gbà á, ó fi sẹ́nu, ara tù ú, kò sì tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Igbá tí wọ́n ní ó ń pe àìsàn, wọ́n ń bù nínú rẹ̀ títí yóò fi gbófo, òun nìkan ló sì ń kún un.

Eyín Rájí ló wá ṣòro. Ahunṣọ ni, eyín ló fi ń gé òwú. Eyín kan ní ẹ̀yìn, ní apá òsì, ti ní ihò tipẹ́. Morádéyọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá Mùrí, ẹ jẹ́ kí onígbàjámọ̀ yọ ọ́ nísinsìnyí tí kò dùn yín."

"Eyín tí kò dùn mí, kí ni mo fẹ́ yọ ọ́ fún? Jẹ́ kí n parí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi yìí."

Aṣọ kan yóò parí, òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀. Bí eyín náà bá ta á, Morádéyọ̀ yóò fi iyọ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò ní kí ó fi yọ ẹnu, yóò gún kànáfùrù, yóò fi òwú tẹ̀ ẹ́ sínú ihò náà. Ìrora yóò lọ. Rájí yóò padà sídìí òfì. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ìyá ìyá mi máa ń sọ pé, "Kànáfùrù ló tàn wá. Ó ń pa ìrora, a rò pé ó ń pa àrùn."

Nínú oṣù kan tí òjò pọ̀, tí ìyá mi, Ràfíátù, ṣì wà lẹ́nu ọmú, Rájí jí pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Kànáfùrù kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ibà mú un. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè la ẹnu ju kí ìka kan wọ̀ ọ́ lọ, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé kò lè gbé e mì, wíwú náà sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ àgbọ̀n. Morádéyọ̀ fọwọ́ kàn án, ó le bí ògiri. Ó mọ ohun tó ń wò. Ó ti rí i rí lára Adùnọlá.

Ó lọ kúnlẹ̀ fún Àlàní.

"Baálé, mo bẹ̀ yín. Ohun tó wà nínú igbá mi kò ká èyí. Ọyún ló wà níbẹ̀, ó sì ń lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn. Dókítà òyìnbó wà níbẹ̀."

"Kí òyìnbó lè la àbúrò mi lẹ́nu bí ẹja?"

"Wọ́n la ti Adégòkè tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin. Ọyún jáde, ó wà láàyè, ẹ̀yin náà ti rí i."

"Adégòkè ń ṣiṣẹ́ wọn, ó ń jẹ oúnjẹ wọn. Àwọn tí wọ́n fi ipá kó lọ la ọ̀nà irin fún wọn ńkọ́, mélòó ló padà wálé? Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi gbé Rájí fún wọn." Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo ní o mọ eyín. Wò ó sàn."

Àlàní ránṣẹ́ sí oníṣègùn kan ní Olúpọ̀nnà. Ọkùnrin náà dé, ó gún ewé, ó yan án lórí iná, ó dì í mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rájí bó ti ń jó fòfò. Morádéyọ̀ ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé bàbá òun kì í fi iná sí ohun tó bá wú láti inú.

"Bàbá rẹ wà ní Kuta," ni Àlàní wí.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi di ewé náà mọ́ ọn. Ìyá ìyá mi ní ó yẹ kí òun gbé Rájí sẹ́yìn, kí òun máa lọ, kí wọ́n wá bá òun jà lójú ọ̀nà. Ó ní òun bẹ̀rù. Ìyàwó ilé ni òun, ọmọ Kuta, òun kò sì ní ìbátan kankan ní Ìwó tó lè dúró ti òun. Ọjọ́ méjì yẹn ni kò lè dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Rájí fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí wọ́n gbé òun lọ. Mímí rẹ̀ ti ń dún bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ igi. Ẹ̀rù wá ba Àlàní. Wọ́n so aṣọ mọ́ ọ̀pá, wọ́n tẹ́ Rájí sínú rẹ̀, Dúró gbé orí ọ̀pá kan, ọkùnrin àdúgbò kan gbé ìkejì. Morádéyọ̀ pọn Ràfíátù, ó ń tẹ̀lé wọn. Ibùdókọ̀ ojú irin jìnnà sí àárín ìlú, òjò sì ti sọ ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n ń sinmi, wọ́n ń lọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, akọ̀wé ibùdó náà wo Rájí, ó wo wọ́n.

"Èyí tó ń lọ sí Ìbàdàn lónìí ti kọjá. Ó di ọ̀la."

"Ìgbà wo ló kọjá?" ni Morádéyọ̀ bi í.

"Kò tíì pẹ́."

Wọ́n tẹ́ Rájí sábẹ́ igi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ó di ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kò lè dáhùn. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ọ̀fun rẹ̀ ti dí pátápátá. Morádéyọ̀ àti Dúró ló pa ojú rẹ̀ dé. Wọ́n tún gbé e sínú aṣọ kan náà, wọ́n gbé e padà wálé, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àlàní ní kí gbogbo ilé dúró. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà lórí ẹní, àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti lọ gbé igbá náà wá láti àjà. Ó ṣí i, ó da ohun inú rẹ̀ sórí ẹní níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ wò ó. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọlé, ohun tó fi pamọ́ sórí ibi tí àbúrò mi ń sùn nìyí. Kò sí ẹni tí eyín ń dùn nígbà tó gbé e wá. Ta ló ń dè?"

Ìyá Àlàní ń sunkún. "Mo sọ fún un. Mo sọ fún un lọ́jọ́ tí mo rí i."

Gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà lórí ẹní náà. Kò sí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn tí kò gba kànáfùrù rí, fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Morádéyọ̀ wo ojú Dúró.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí mo fi wọ́n ṣe."

Dúró ti gbé ọ̀pá tó gbé Rájí lọ àti èyí tó gbé e bọ̀. Èjìká rẹ̀ ṣì bó. Àlàní ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Dúró, kí ló fi sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ ọdún yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣáà mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, bí ó bá rán mi níṣẹ́, n kì í lè kọ̀."

"Eyín yín ni mo fi sí yín lẹ́nu," ni Morádéyọ̀ wí.

Àwọn àgbà méjì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣe opó rẹ̀ tán nílé ọkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Àlàní ní kí ó lọ ṣe é ní Kuta. Ó ní ọmọ ọwọ́ lè tẹ̀lé e nítorí ọmú, ṣùgbọ́n ọmọ Rájí ni Mùrí, ilé Rájí ni yóò gbé. Mùrí ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá Àlàní mú un lọ́wọ́ wọ yàrá, ó pa ìlẹ̀kùn dé, kí ọmọ náà má baà rí ìyá rẹ̀ bó ti ń lọ.

Morádéyọ̀ kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Iyọ̀ àti ata ló ń tà. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, yóò ti Kuta rìn wá sí Odò-Orí ní Ìwó, ó sì máa ń pa ọ̀nà dà kí ó lè gba iwájú ilé Àlàní kọjá. Ní àkọ́kọ́, Mùrí a máa sáré pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lókèèrè. Nígbà tó yá, bó bá ti rí i, yóò wọlé. Ìyá mi, tó ń tẹ̀lé e lọ sí ọjà nígbà náà, bi í léèrè ta ni ọmọkùnrin tó máa ń sá wọlé yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Àwọn ará Kuta náà gbọ́ ìtàn náà bí Ìwó ti rò ó. Àwọn kan kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí eyín bá ń dun ọmọ wọn, wọn kì í gbé e wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà kò sì bi wọ́n. Ó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ó ń gbọ́ igbe ọmọ láti ilé kejì, ó ń tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní òun bínú sí i gan-an nítorí ìyẹn. Ó dá a lóhùn pé òun ti ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ rí.

Mùrí tó ọmọ ogún ọdún kí ó tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Kuta. Ó ga bí Rájí, ó sì ń fi ọwọ́ pa ìka bí Rájí ti máa ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní kí n wá sọ fún yín pé mo fẹ́ gbéyàwó, Ìyá."

Morádéyọ̀ ní kó wọlé jókòó. Ó bu omi fún un nínú igbá mímọ́. Mùrí wo omi náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Mo ti mu omi lọ́nà."

"Ibo lo ti mu ún?"

Ó ní, "Àwọn ará ilé ní kí n má jẹ, kí n má mu níbí."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Ọmọdé ni mí nígbà náà."

Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ń lọ. Ìyá mi fẹ́ sáré tẹ̀lé e láti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Morádéyọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú. "Jẹ́ kó máa lọ. Òjò ń bọ̀." Ó gbé omi náà, ó mu ún fúnra rẹ̀ títí ó fi tán, ó sì da igbá bo ilẹ̀.

Kò lọ síbi ìgbéyàwó náà. Ó fi aṣọ òfì kan ránṣẹ́. Kò gbọ́ bóyá ọmọ náà lò ó.

Ó ti darúgbó gan-an kí ó tó kú. Mùrí wá síbi ìsìnkú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, ó sì jẹun. Ìyá mi ló gbé oúnjẹ náà fún un.